Ìdajì Ọrọ̀ Ajé Wa Kò Ṣeé Dì Sínú Àpò: Kí Ni Iṣẹ́ Ìbániṣe?

Ní oṣù Keje ọdún 2025, àjọ NBS, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka ohun tó ń lọ nínú ọrọ̀ ajé Nàìjíríà, gbé ìṣirò tuntun síta. Wọ́n ní àpapọ̀ ọrọ̀ ajé wa ní ọdún 2024 jẹ́ bíi ₦372.8 tírílíọ̀nù. Ọdún 2019 ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò náà, ìyẹn ọdún tí wọ́n ń fi wọn àwọn ọdún mìíràn. Bí a bá sì fi ọrọ̀ ajé ọdún 2019 yẹn wé ₦100, bíi ₦26 ló ti oko wá, bíi ₦21 ló ti epo rọ̀bì, ìwakùsà, ilé-iṣẹ́ àti ilé kíkọ́ wá, bíi ₦53 tó kù sì ti inú ohun tí wọ́n ń pè ní "services" wá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀. Ẹni tó dúró sí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń wo àwọn ọlọ́kadà, oníPOS lábẹ́ agboòrùn, onídìrí àti alábàárù, á bi ara rẹ̀ léèrè pé: ṣé àwọn yìí ló wá ju epo rọ̀bì lọ? Ilé-iṣẹ́ wo ni wọ́n kọ́ tí a kò rí? Àwọn ènìyàn tún gbọ́ pé owó ilé ti ga ju owó epo lọ nínú ìṣirò náà, ọ̀pọ̀ sì pè é ní irọ́ ìjọba. Irọ́ kọ́. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ rò pé wọ́n kà kọ́ ni wọ́n kà.

## Kí là ń pè ní iṣẹ́ ìbániṣe?

Ohun tí à ń fowó rà kò ju irú méjì lọ. Irú kan ṣeé gbé lọ sílé: iṣu, bàtà, àpò sìmẹ́ǹtì. Irú kejì, ènìyàn ló bá wa ṣe é, a sì sanwó fún un. Ó dirun fún wa, ó gbé wa dé Sábó, ó kọ́ ọmọ wa níwèé, ó tọ́jú aláìsàn wa, ó bá wa fi owó ránṣẹ́ sí Èkó. Irú kejì yìí ni wọ́n ń pè ní "services". Iṣẹ́ ìbániṣe ni a ó máa pè é níhìn-ín, nítorí bí a ṣe ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ náà nìyẹn: "Ẹ bá mi ṣe é."

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ jù lọ ni pé kò ṣeé tọ́jú pamọ́. Ìyá tó gbé gààrí lọ sí ọjà Wàsò tí kò rí i tà á dì í padà sílé, á tún gbé e jáde lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n àyè kan tó ṣófo nínú mọ́tò tó ti gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìbàdàn ti ṣègbé. Kò sí awakọ̀ tó lè kó o pamọ́ di ọ̀la. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò kì í fẹ́ gbéra àfi tó bá kún, òun náà ló sì jẹ́ kí ẹni tó dé kẹ́yìn lè ná owó ọkọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ nígbà tí awakọ̀ ti ń kánjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí lánàá, àti wákàtí mẹ́ta tí onídìrí fi jókòó tí kò rí oníbàárà.

Ohun kejì ni pé a kì í tọ́ ọ wò kí á tó rà á. A lè fọwọ́ tẹ tòmátì wò, a kò lè fọwọ́ tẹ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Nítorí náà la ṣe máa ń béèrè pé "Ta ló bá ọ ṣe tìẹ?" kí á tó gbé mọ́tò lọ síbì kankan.

## Ta ló wà níbẹ̀, ta ni kò sí níbẹ̀?

Ìpín tí àwọn oníṣirò pín iṣẹ́ kò tẹ̀lé bí ojú ṣe ń rí i. Ìlànà kan wà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ tí orílẹ̀-èdè gbogbo ń wò ṣe é. Nínú ìlànà yìí, télọ̀ tó ń rán aṣọ tuntun wà ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́, òun pẹ̀lú ẹni tó ń ṣe bàtà àti ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, torí pé ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ ló mú jáde. Obíọma tó gbé ẹ̀rọ kọ́ èjìká, tó ń lẹ ṣòkòtò tó ya, iṣẹ́ ìbániṣe ló ń ṣe, nítorí ṣòkòtò náà ti wà kó tó dé. Ẹni tó hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn wà ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì pàtẹ rẹ̀ sí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ń ṣe ìbániṣe, torí òwò ni.

Bíríkìlà kò sí níbẹ̀, ilé kíkọ́ ní àyè tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́. Iná mànàmáná àti omi ẹ̀rọ náà kò sí níbẹ̀. Mẹkáníìkì àti fọkanáísà wà níbẹ̀, nídìí kan náà pẹ̀lú àwọn ọlọ́jà. Ọlọ́kadà, awakọ̀ akérò, báǹkì, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, tíṣà, nọ́ọ̀sì, lọ́yà, ọlọ́pàá, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, ìyá olóúnjẹ, oníhòtẹ́ẹ̀lì, òṣèré fíìmù, alágbàfọ̀, gbajámọ̀, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà rí i pé agbọ̀n náà fẹ̀. Ọ̀gá báǹkì tó ń gba mílíọ̀nù lóṣù àti alábàárù tó ń ru ẹrù ní Akẹ̀sán wà nínú agbọ̀n kan náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní "ìbániṣe ti dàgbà", ìbéèrè tó yẹ kí á dá padà ni pé: èwo nínú wọn?

## Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á? Ẹ jẹ́ ká fi àmàlà ṣe é

Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń kì pé wọ́n ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ kò ní ṣàìmọ èyí. Àwọn owó tó wà nínú àpẹẹrẹ yìí, a kàn fi ṣàlàyé ni.

Ká ní àgbẹ̀ kan ní agbègbè Oríire ta iṣu ₦10,000. Ẹni tó rà á bó o, ó bọ̀ ọ́, ó sá a, ó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́, ó sì tà á ₦16,000. Alágbàtà gbé èlùbọ́ náà wọ ìlú, ó tà á fún ìyá olóúnjẹ ní ₦20,000. Ìyá olóúnjẹ ro ó ní àmàlà, òkèlè tó bù nínú rẹ̀ pa ₦32,000 (ẹ jẹ́ ká fi ọbẹ̀ àti ẹran sílẹ̀ ná).

Bí a bá ro gbogbo owó tí wọ́n tà pọ̀, 10,000 àti 16,000 àti 20,000 àti 32,000, yóò jẹ́ ₦78,000. Irọ́ gbáà nìyẹn, torí a ti ka iṣu kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ohun tí oníṣirò ń kà ni ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan *fi kún un*. Àgbẹ̀ fi ₦10,000 kún un. Ẹlẹ́lùbọ́ fi ₦6,000 kún un, alágbàtà ₦4,000, ìyá olóúnjẹ ₦12,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦32,000, ó sì bá iye tí ẹni tó jẹ àmàlà san mu géérégé. Bí a bá ṣe báyìí fún gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè láàárín ọdún kan, iye tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní GDP.

Ẹ wá pín ₦32,000 náà. ₦10,000 jẹ́ ti oko, ₦6,000 jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ (èlùbọ́ ṣíṣe wà lọ́hùn-ún), ₦16,000 tó kù jẹ́ ti alágbàtà àti ìyá olóúnjẹ. Ìdajì owó àmàlà, iṣẹ́ ìbániṣe ni. Bẹ́ẹ̀ iṣu ni gbogbo wa rò pé a jẹ.

Òdì kejì ọ̀rọ̀ náà kò gbọ̀dọ̀ bọ́ sọnù. Bí iṣu kò bá jáde lóko lọ́dún yìí, ₦16,000 ìbániṣe yẹn kò ní ibi tó máa gbà wá. Àwọn tó ń fọ́nnu pé ìbániṣe ti "borí" iṣẹ́ àgbẹ̀ ń gbàgbé pé ẹ̀ka kan ló dúró lé èkejì lórí.

## Ṣé gbogbo owó tó gba ọwọ́ oníPOS ni wọ́n ń kà?

Rárá o. Ká ní ẹnìkan gba ₦5,000 lọ́dọ̀ oníPOS ní Under-G, àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì san ₦100 lé e. ₦5,000 yẹn, owó oníbàárà ni tẹ́lẹ̀, ó kàn kúrò ní báǹkì bọ́ sí àpò ni, kò fi kọ́bọ̀ kún ọrọ̀ ajé. ₦100 ni owó iṣẹ́. Nínú ₦100 yìí, ká ní ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ ń yọ ₦5 nínú ₦1,000 tí wọ́n bá fà jáde. Ìyẹn ₦25. Ó ku ₦75 fún oníPOS, inú rẹ̀ ló sì ti máa ra bébà rìsíìtì, dátà, kó san owó ìsọ̀, kó tún wọ ọ̀kadà lọ kó owó ní báǹkì. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn náà ni òun fi kún ọrọ̀ ajé.

Òfin tún fi ààlà sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé oníPOS kan kò gbọ̀dọ̀ san ju ₦1.2 mílíọ̀nù lọ lójúmọ́, oníbàárà kan kò sì gbọ̀dọ̀ gba ju ₦100,000 lọ lójúmọ́. Bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá gba ₦5,000, oníbàárà 240 ni yóò gbé e dé ààlà yẹn. Ẹ sọ 240 di ìlọ́po ₦75, ó jẹ́ ₦18,000. Ìyẹn ni òkè pátápátá, ní ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì kò ṣe wàhálà, tí owó kò tán lọ́wọ́, tí kò sì sí oníPOS mẹ́ta mìíràn láàárín ilé mẹ́rin. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ kò farahàn sí oníbàárà. Owó méjì ni oníPOS nílò, èyí tó wà lọ́wọ́ àti èyí tó wà nínú àkáǹtì. Bí àwọn tó ń gba owó bá pọ̀ ju àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ lọ, tọwọ́ á tán, gbogbo owó á há sínú àkáǹtì, iṣẹ́ á dúró bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníPOS náà "lówó". Bí ó bá jẹ́ òdì kejì, owó á kún inú àpótí, kò sì ní lè bá ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó bébà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí náírà di góòlù, iye tí wọ́n ń gbà lórí ₦5,000 fò sókè lọ́pọ̀ ìlọ́po. Iṣẹ́ náà kò yí padà, ẹ̀rọ náà kò yí padà. Owó ọwọ́ ló ṣọ̀wọ́n.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti ya owó iṣẹ́ kúrò lára owó oníbàárà, ọ̀rọ̀ VAT tó ń dá ìjà sílẹ̀ náà ti yanjú. VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ohun tí a bá rà, jẹ́ ₦7.50 lórí ₦100 láti oṣù Kejì ọdún 2020. Orí owó iṣẹ́ ló wà. Bí báǹkì bá gba ₦50 lọ́wọ́ ẹni tó fi ₦100,000 ránṣẹ́, VAT rẹ̀ jẹ́ ₦3.75. Kì í ṣe ₦7,500 bí àwọn kan ṣe ń pariwo.

## Báwo ni ilé ṣe wá ju epo rọ̀bì lọ?

Nínú ìṣirò ọdún 2025 yẹn, irúgbìn oko ló gba ipò kìíní, òwò gba ipò kejì, ilé ṣe ipò kẹta, tẹlifóònù ṣe ipò kẹrin, epo rọ̀bì pẹ̀lú gáàsì sì bọ́ sí ipò karùn-ún. Ilé tí wọ́n ń sọ níbí kì í ṣe bíríkì àti sìmẹ́ǹtì. Iṣẹ́ tí ilé ń ṣe fún ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ni.

Owó tí ayálégbé ń san yé wa. Ibi tó rú ènìyàn lójú ni pé ìlànà ìṣirò àgbáyé tún ka ilé tí onílé ń gbé fúnra rẹ̀. Wọ́n á wo iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ fún ní àdúgbò, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé onílé ń san án fún ara rẹ̀. Ó jọ ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n ẹ gbé e yẹ̀ wò. Ká ní onílé méjì ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n pààrọ̀ ilé, tí oníkálukú sì ń san owó ilé fún èkejì. Bí a kò bá ka ilé tí ènìyàn ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́, ọrọ̀ ajé á "dàgbà" lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kò sí yàrá kan tó lé. Láti má ṣe jẹ́ kí irú eré yìí da ìṣirò rú ni wọ́n fi ń ka méjèèjì.

Nítorí náà, yàrá inú agboolé tí bàbá ẹni kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, wà nínú ìṣirò yẹn. Ẹ kò ní rí náírà náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó jí i.

Iṣẹ́ ìjọba náà ní tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ta ẹ̀kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba lọ́jà, a kò sì lè mọ iye tí wọ́n ìbá tà á. Iye tó ná ìjọba láti ṣe é ni wọ́n ń kà, owó oṣù tíṣà ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí owó oṣù bá lé, iye náà á lé, yálà ọmọ mọ ìwé sí i tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ibi tí ìṣirò yìí ti rọ jù lọ nìyẹn, àwọn oníṣirò fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

## Kí ló ń mú kó dàgbà?

Ikùn ní ìwọ̀n. Ẹni tó ń gba ₦70,000 tí owó rẹ̀ di ₦700,000 kò ní jẹ iṣu ìlọ́po mẹ́wàá. Á fi ọmọ sí ilé-ìwé tó wọ́n jù, á lọ wo eyín, á ra dátà, á wọ mọ́tò dípò kó fẹsẹ̀ rìn. Ibi tí owó ń gbà bí ó bá ti kọjá ikùn nìyẹn, ìṣirò orílẹ̀-èdè tó lówó sì fi hàn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ṣùgbọ́n nílẹ̀ yìí, ìdí mìíràn wà tí a kì í sábà sọ: iṣẹ́ inú ilé ń jáde bọ́ sọ́jà. Ẹ wo ìnáwó ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin ilé ló ń gúnyán, tí wọ́n ń ro ọkà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin agboolé á lọ gé ọ̀pá àti imọ̀ ọ̀pẹ wá fi pàgọ́, àwọn ọmọ ilé á sì gbé oúnjẹ fún àlejò. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sanwó fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò wọ ìwé oníṣirò kankan. Lónìí, alásè ló ń se oúnjẹ, oníkánópì gbé kánópì wá, àwọn tó ń gbé oúnjẹ gba owó wọn, ayàwòrán, onífídíò, alága ìjókòó àti alága ìdúró, oníkálukú pẹ̀lú owó tirẹ̀. Àmàlà tí wọ́n jẹ lóde náà lè má ju ti àtijọ́ lọ. Apá kan nínú ìdàgbàsókè ìbániṣe kì í ṣe iṣẹ́ tuntun rárá, iṣẹ́ àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ni. A kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú: alásè ń jẹun nídìí rẹ̀, ìyàwó ilé sì ń rí ìsinmi. Kí á ṣáà mọ ohun tí à ń kà.

Irú rẹ̀ tún wà ní ilé-iṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì bá gba ọlọ́dẹ tirẹ̀, owó ọlọ́dẹ wà nínú ẹ̀ka ilé-iṣẹ́. Bí wọ́n bá dá a dúró tí wọ́n sì pe ilé-iṣẹ́ aláàbò, tí ilé-iṣẹ́ aláàbò wá rán ọlọ́dẹ kan náà padà sí géètì kan náà, owó rẹ̀ ti ṣí lọ sí ẹ̀ka ìbániṣe.

Ìdí tó kù ni ohun tuntun tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, Nàìjíríà tún ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ ṣe, ó gbé e kúrò ní 1990 bọ́ sí 2010. Lójú ẹsẹ̀, ọrọ̀ ajé ọdún 2013 fi bíi ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju bí wọ́n ṣe kà á tẹ́lẹ̀, Nàìjíríà sì kọjá South Africa. Kò sí ẹni tó lówó sí i lóru ọjọ́ náà. Ní 1990, kò sí GSM, òwò fíìmù onífídíò kò tíì gbilẹ̀. Kí á máa fi ọdún yẹn wọn ọrọ̀ ajé 2013, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń fi fọ́tò ọmọ ọdún márùn-ún wá àgbàlagbà onírùngbọ̀n kiri inú ọjà.

## Kí ló dé tí owó irun ń lé tí owó ìpè sì já wálẹ̀?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 tí GSM wọlé, ìpè ìṣẹ́jú kan ń lọ ní bíi ₦50. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù lọ ń gba ₦7,500 nígbà náà. Gbogbo owó oṣù rẹ̀ kò lè ra ju ìṣẹ́jú 150 lọ, wákàtí méjì àbọ̀. Lónìí tí owó oṣù tó kéré jù jẹ́ ₦70,000, ìpè kò tó ₦50 ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú gbogbo bí wọ́n ṣe fi owó kún un ní ọdún 2025. Òpó kan náà tó ń gbé ìpè ẹgbẹ̀rún ènìyàn, bí ẹ̀rọ bá dára sí i, á gbé ìpè tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí pé wọ́n gba ènìyàn sí i.

Ẹ wá wo onídìrí. Ṣùkú tó gba wákàtí méjì ní ọdún 1990 gba wákàtí méjì lónìí. Kò sí ẹ̀rọ tó ń bá a dì í, ọwọ́ méjì náà ló ní. Ṣùgbọ́n onídìrí ń ra oúnjẹ ní iye tòní, ó sì ní ibòmíràn tó lè lọ bí owó irun kò bá tó o jẹ. Nítorí náà owó irun gbọ́dọ̀ máa lé bí owó iṣẹ́ yòókù bá ṣe ń lé. William Baumol, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ló là á yéni yékéyéké láàárín ọdún 1960 sí 1970. Ohun kan náà ló ń gbé owó ilé-ìwé àti owó ilé ìwòsàn lọ sókè ní gbogbo ayé: tíṣà kan ṣì ni fún kíláàsì kan, nọ́ọ̀sì kan kò lè wẹ ọmọ tuntun ogún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ní kí ó wẹ ogún, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

## Èwo ló ń mú owó wọ Ògbómọ̀ṣọ́?

Fún ìlú bíi tiwa, èyí ṣe pàtàkì ju iye orílẹ̀-èdè lọ. Gbajámọ̀ tó gé irun fún télọ̀, télọ̀ tó rán aṣọ fún gbajámọ̀, owó kan náà ló ń yí láàárín wọn. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò mú owó tuntun wọ ìlú. LAUTECH, yunifásítì tó wà nílùú wa, ń mú un wọlé. Láti ọdún 1990 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni àwọn òbí ní Èkó, Ọ̀ṣun, Ògùn àti ibòmíràn ti ń fi owó ránṣẹ́ síbí. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1907, àti ti LAUTECH ń ṣe bẹ́ẹ̀: aláìsàn ń ti ìlú mìíràn wá, àwọn tó sìn ín wá á jẹun, wọ́n á sì wá ibi sùn.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ná ₦50,000 lóṣù. Bí àwọn tó gbà á bá ná ₦40 nínú gbogbo ₦100 padà láàárín ìlú, ₦20,000 á tún yí, lẹ́yìn náà ₦8,000, lẹ́yìn náà ₦3,200, títí á fi tán. Àpapọ̀ rẹ̀ á sún mọ́ ₦83,000. Ṣùgbọ́n ibi tó ná an sí ló máa sọ bóyá ₦40 ló dúró tàbí ₦10. Owó dátà ti dé Èkó kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀. Owó àmàlà dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́lùbọ́, ó sì gba ibẹ̀ dé abúlé. Owó ilé dúró bí onílé bá ń gbé ìlú, ó lọ bí onílé bá wà ní Àbújá.

Nítorí pé ìbániṣe kò ṣeé tọ́jú, ìlú tó gbára lé e máa ń fara gbọgbẹ́ lójijì. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti LAUTECH pa fún ọ̀pọ̀ oṣù ní ọdún 2016 sí 2017, yàrá tó ṣófo ní Under-G pàdánù oṣù wọ̀nyẹn títí láé. Alápatà lè sun ẹran tí kò tà, àgbẹ̀ lè dá iṣu dúró sínú ebè díẹ̀. Ọlọ́kadà tí kò rí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ní oṣù kan kò lè gbé wọn lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí wọ́n bá dé.

## Ṣé a lè fo ilé-iṣẹ́ kọjá?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Japan, àwọn ènìyàn kúrò lóko lọ sí ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ náà lówó, lẹ́yìn náà ni ìbániṣe gbilẹ̀. Níhìn-ín, ọ̀pọ̀ kúrò lóko bọ́ sórí ọ̀kadà tààrà. Dani Rodrik, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, ti kọ̀wé gan-an lórí orílẹ̀-èdè tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń kógbá sílé kí ó tó dàgbà. Ewu rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ lè gba ẹni tí kò kàwé púpọ̀, kí ó fún un ní ẹ̀rọ, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì di ìlọ́po lọ́dún díẹ̀. Ìbániṣe tó ń sanwó gidi, bíi báǹkì tàbí kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹni tó kàwé ló ń gbà. Èyí tó ń gba gbogbo ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i lọ́wọ́: ọlọ́kadà kan, èrò kan. Bí ọlọ́kadà ọgọ́rùn-ún bá kún àwọn tó wà ní Tákíè, èrò kò pọ̀ sí i, wọ́n kàn pín èyí tó wà ni.

## Kí ni kí á wò bí ìṣirò mìíràn bá tún jáde?

NBS ń gbé e jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí á wò ni bóyá wọ́n ti yọ ọ̀wọ́n gógó kúrò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ sì lé káàkiri. Ká ní kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gba ₦100 di ₦300, tó sì ń gbé èrò ọgọ́ta lójúmọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Owó tó gbà kúrò ní ₦6,000, ó di ₦18,000. Lórí ìwé, ó di ìlọ́po mẹ́ta. Bí a bá fi owó ọkọ̀ ọdún ìpìlẹ̀ ka a, ₦6,000 náà ló ṣì jẹ́, torí èrò kò kúrò lórí ọgọ́ta. Ìṣirò kejì yìí ni wọ́n fi ń sọ pé ọrọ̀ ajé "dàgbà" tàbí kò dàgbà. Ti àkọ́kọ́ ni ₦372.8 tírílíọ̀nù yẹn.

Lẹ́yìn náà kí á wá ẹ̀ka tó gbé iye náà sókè. Bí báǹkì àti tẹlifóònù bá ló fà á, owó ń wọlé síbẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn tí wọ́n gbà síṣẹ́ kò pọ̀.

Ẹ má sì da iye iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 2023, NBS yí bí wọ́n ṣe ń ka ẹni tó níṣẹ́ padà láti bá ìlànà àgbáyé mu: ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré láàárín ọ̀sẹ̀, tó sì gbowó tàbí jèrè níbẹ̀, ó níṣẹ́. Iye àwọn tí kò níṣẹ́ já wálẹ̀ láti 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí wọ́n kà ní ìparí ọdún 2020, sí 4.1 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. OníPOS tó rí oníbàárà méjì láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí nẹ́tíwọ̀kì sì lọ títí di Sátidé, wà lára àwọn tó níṣẹ́.